Ṣé kí n gba pẹ́ńṣàn ní 67 ni, àbí kí n dúró dé 70? Ìdáhùn lórí bí a ṣe ń ṣírò gígùn ẹ̀mí

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Leeds, mo ti pé ẹni ọdún 58. Ìwé ìjọba sọ pé ìgbà tí mo bá pé 67 ni pẹ́ńṣàn mi yóò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní kí n má tíì gbà á nígbà náà, kí n dúró dé 70 kí owó náà lè pọ̀ sí i. Ọmọ mi kà á níbì kan pé ìdajì àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000 yóò pé 100 ọdún. Èmi náà sì gbọ́ nínú ìròyìn pé ẹ̀mí àwọn ará UK kò gùn sí i mọ́. Ẹni ọdún 68 ni bàbá mi nígbà tí wọ́n kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, màmá mi sì kú ní 71. Ìṣirò wo ni kí n gbà gbọ́? Ọdún mélòó ni kí n fi sọ́kàn?”

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, ẹ sì kú ìrọ́jú ìlú òyìnbó. Ohun tó ń dà yín láàmú yé mi dáadáa. Ẹ fẹ́ pinnu lórí owó tí ẹ ó máa jẹ títí di ọjọ́ alẹ́, ìpinnu yẹn sì rọ̀ mọ́ iye ọjọ́ tí ẹ ó lò láyé, èyí tí ẹ̀dá kankan kò mọ̀. Ẹ wá ìmọ̀ lọ síbi tó yẹ kó wà, ẹ sì bá ọ̀rọ̀ méjì tó ta kora. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni pé mo ń bá àwọn àjọ pẹ́ńṣàn ṣírò iye ọdún tí àwọn afẹ̀yìntì wọn yóò máa gba owó, kí àpò má baà gbẹ nígbà tí èèyàn ṣì wà láàyè. Kò sí ẹni tó purọ́ fún yín nínú àwọn méjèèjì. Ohun tí wọ́n ń kà ni kò dọ́gba, àti ohun tí kálukú wọn gbà pé yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba UK, ìyẹn ONS, sọ pé gígùn ẹ̀mí ọkùnrin jẹ́ ọdún 79.0, ti obìnrin sì jẹ́ 82.9 fún 2018 sí 2020, wọn kò sọ àsọtẹ́lẹ̀ kankan. Wọ́n kó gbogbo ikú tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta yẹn jọ, wọ́n wo iye tó kú nínú àwọn ọmọ ọwọ́, nínú àwọn ẹni ogún ọdún, nínú àwọn ẹni ọgọ́ta àti àwọn ẹni àádọ́rùn-ún. Wọ́n wá bèèrè pé ká ní ọmọ tí wọ́n bí lónìí bá irú ikú yìí gan-an pàdé ní gbogbo ọjọ́ orí tó bá dé, ọdún mélòó ni yóò lò? Ọmọ tí yóò pé ọgọ́rin ọdún ní 2100 ni wọ́n ń fi ikú àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún òde òní wọ̀n, bíi pé oògùn tuntun kankan kò ní dé, àrùn kankan kò sì ní lọ. Ìṣirò náà wúlò púpọ̀ láti fi ọdún kan wé òmíràn, tàbí ìlú kan wé òmíràn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan láyé tí yóò gbé irú ayé bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò kejì a máa tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n bí lọ́dún kan náà títí dé òpin, a sì máa fi àbá kún un nípa bí ikú yóò ṣe máa dín kù bí wọ́n ti ń dàgbà. ONS yìí kan náà ló ṣe é fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 2020: ọkùnrin 87.3, obìnrin 90.2. Ilé iṣẹ́ kan náà ni, orílẹ̀-èdè kan náà, síbẹ̀ èsì méjèèjì fi ohun tó lé ní ọdún méje jìnnà síra. Àwọn oníròyìn a gbé èyí tó bá wù wọ́n jáde láìsọ irú èyí tó jẹ́. Bí ẹ bá tún gbọ́ iye ọdún kan nínú ìròyìn, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, ṣé ikú ọdún tó kọjá ni wọ́n kà, àbí wọ́n fi àbá nípa ọdún tó ń bọ̀ kún un?

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí yín náà nílò àlàyé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fojú bù ú pé gígùn ẹ̀mí ní Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí ọdún 54, ọ̀pọ̀ nínú wa sì gbà pé ẹni tó bá ti kọjá 54 nílé ti ń jẹ èlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 rí i pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, 132 ni kì í pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ikú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ló ń fa àpapọ̀ náà wálẹ̀, ó sì yẹ kó máa dun gbogbo wa. Ẹni tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ gùn ju 54 lọ dáadáa. Ní UK, ikú ọmọdé kò pọ̀ mọ́, síbẹ̀ bí ìṣirò ṣe ń lọ nìyẹn níbẹ̀ pẹ̀lú. Obìnrin tó ti pé 65 ní 2018 sí 2020 ṣì ní ọdún 21.0 níwájú, èyí tó gbé e dé 86. Ẹni tó bá yọ 65 kúrò nínú 82.9 yóò rò pé ọdún 17.9 péré ló kù fún un. Ẹ má fi 82.9 ṣe òpin ìrìn yín rárá. Ní ti ìyá àti bàbá yín, ìran a máa ní ọwọ́ nínú gígùn ẹ̀mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ohun tó pa wọ́n ni mo fẹ́ mọ̀ ju ọjọ́ orí wọn lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n tó wá yọrí sí rọpárọsẹ̀, ẹ̀yin gan-an mọ̀ pé oògùn tí wọ́n ń lò sí i ní wọ́ọ̀dù yín lè yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tí ọmọ yín kà. Ní 2009, Kaare Christensen, James Vaupel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn oníṣègùn Lancet pé, bí ẹ̀mí bá ń gùn sí i bó ṣe ń gùn bọ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn 2000 ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ yóò ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tó fún wọn nígboyà ni iṣẹ́ tí Vaupel àti Jim Oeppen gbé jáde ní 2002. Wọ́n wo orílẹ̀-èdè tí ẹ̀mí àwọn obìnrin rẹ̀ gùn jù ní ọdún kọ̀ọ̀kan láti 1840. Swídìn ló ṣíwájú nígbà náà pẹ̀lú nǹkan bí ọdún 45. Nígbà tó fi máa di 2000, Japan ló ṣíwájú pẹ̀lú nǹkan bí 85. Fún 160 ọdún, ìlà náà ń gòkè gbọnrangandan, bí oṣù mẹ́ta lórí ọdún kọ̀ọ̀kan. Ìlà yìí sì ti dójú ti ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n. Louis Dublin, oníṣirò ilé iṣẹ́ adójútòfò ní Amẹ́ríkà, kéde ní 1928 pé 64.75 ni òpin tí gígùn ẹ̀mí lè dé. Kó tó là á lẹ́nu ni àwọn obìnrin New Zealand tí kì í ṣe Maori ti kọjá ibẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣirò ìjọba gbà pé ìdàgbàsókè yìí yóò dúró láìpẹ́, kò sì dúró. Ìdí kan nìyẹn tí ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn fi ń sún síwájú lónìí.

S. Jay Olshansky, olùwádìí gígùn ẹ̀mí ní Chicago, ló ti ń ta ko ìlà yẹn láti 1990, ó ní àpapọ̀ tọkùnrin tobìnrin kò ní ju 85 lọ bí a kò bá rí ohun tó lè dín ogbó fúnra rẹ̀ kù. Àlàyé rẹ̀ rọrùn, ó sì lágbára. Ìgbà tí ìlà yẹn bẹ̀rẹ̀, omi mímọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oúnjẹ ló ń gba ọmọdé là. Ọmọ kan tí ìgbẹ́ gbuuru kò pa mọ́ fi bí ọgọ́rin ọdún kún àpapọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ẹni ọdún 88 lọ́wọ́ àrùn ọkàn, jẹjẹrẹ tàbí iyè rírà wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dúró, ọdún mélòó kan péré lẹ fi kún un. Bí ikú bá ti kúrò lọ́dọ̀ ọmọdé tán, iṣẹ́ àtifi oṣù mẹ́ta kún ọdún kan a máa le sí i. Ní 2024, Olshansky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ẹ̀mí ti gùn jù, pẹ̀lú Hong Kong àti Amẹ́ríkà, láti 1990 sí 2019, wọ́n sì rí i pé ìdàgbàsókè náà ti fà sẹ́yìn. Wọ́n ní kò dájú pé iye obìnrin tí yóò pé 100 ọdún yóò ju 15 nínú 100 lọ, ọkùnrin 5. Èmi fúnra mi wo Japan nìkan. Ní 2000, obìnrin wọn wà ní 84.60; ní 2023, 87.14. Ká ní oṣù mẹ́ta lọ́dún ṣì ń ṣiṣẹ́ ni, wọn ì bá ti kọjá 90. Ìdàgbàsókè wọn kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, n kò gbà pé ìdajì àwọn ẹgbẹ́ ọmọ yín yóò pé 100. Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fi owó àjọ kankan ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò sí lẹ́yìn àwọn tó ní a ti dé òpin. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí a ń wò lórí kọ̀ǹpútà hàn yín. Tábìlì ńlá kan ni: ọjọ́ orí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọdún wà lókè láti òsì sí ọ̀tún, àwọ̀ sì wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan tó ń sọ bóyá ikú dín kù kíákíá ní ọjọ́ orí yẹn lọ́dún yẹn, tàbí ó fà. Àwọn tí wọ́n bí lọ́dún kan náà a máa gba inú tábìlì náà kọjá ní ìdábùú, torí bí ọdún ti ń lọ ni wọ́n ń dàgbà. Nínú tábìlì UK, ìlà ìdábùú kan wà tó tàn yàtọ̀: àwọn tí wọ́n bí ní àyíká 1931. Ní gbogbo ọjọ́ orí tí wọ́n dé, ikú wọn ń dín kù ju ti àwọn tó ṣíwájú wọn àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n jẹ oúnjẹ ìwọ̀n ìgbà ogun lọ́mọdé, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ NHS dé ní 1948 nígbà tí wọn kò tíì pé ogún ọdún, wọ́n sì jáwọ́ nínú sìgá ju àwọn ẹ̀gbọ́n wọn lọ. Dẹ́nmáàkì ni kí ẹ wò fún òdì kejì rẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 sí àárín àwọn ọdún 1990, ẹ̀mí àwọn obìnrin ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sún rárá, nígbà tí ti àwọn aládùúgbò wọn ń gòkè. Àwọn obìnrin tí wọ́n bí láàárín ogun àgbáyé méjèèjì ló mu sìgá púpọ̀, wọ́n sì ń gbé ìpalára rẹ̀ rìn láti ọjọ́ orí dé ọjọ́ orí. Nígbà tí wọ́n kọjá lọ, ìlà náà tún gbéra. Ẹni tó bá jókòó ní 1995 tó sọ pé Dẹ́nmáàkì ti dé òpin ì bá ti ṣìnà pátápátá.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa fara balẹ̀ bí wọ́n bá ní UK ti dúró. Òótọ́ ni pé láti 2011 ni ìdàgbàsókè ibẹ̀ ti fà gan-an, kí Kòrónà tó dé. Apá kan rẹ̀ jẹ́ èrè tí a ti jẹ tán: ní 1974, nínú 100 àgbàlagbà, nǹkan bí 45 ló ń mu sìgá, ní 2023 kò ju 12 lọ, èèyàn kì í sì í jáwọ́ nínú sìgá lẹ́ẹ̀mejì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ti dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ikú àrùn ọkàn kò sì já wálẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Sísanra àsanjù àti ìtọ̀ ṣúgà ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Àwọn kan di ẹ̀bi ru owó tí ìjọba gé kúrò nínú ìtọ́jú arúgbó. Èmi gbà pé ó ní ọwọ́ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ṣì ń jiyàn lórí bó ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí: ní 2018 sí 2020, gígùn ẹ̀mí ọkùnrin ní Westminster, apá kan Lọ́ńdọ̀nù, jẹ́ 84.7, ní Glasgow ní Scotland 73.1. Bó bá jẹ́ pé ara ẹ̀dá ló ti dé òpin, kí ló dá àwọn ará Glasgow dúró ní ọdún mọ́kànlá ó lé sísàlẹ̀? Ìyà ni, kì í ṣe ogbó. Amẹ́ríkà tó lówó ju gbogbo wọn lọ já láti 78.9 ní 2014 sí 76.4 ní 2021. Kòrónà kó ipa tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣáájú rẹ̀ ni oògùn apàrora àti fentanyl ti ń pa àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tó wà ní agbedeméjì ayé. Ní 2021 nìkan, ó ju 100,000 èèyàn tí àpọ̀jù oògùn pa níbẹ̀. Ní 2023 wọ́n ti padà sí 78.4. Kò sí ohun kan nínú ìwọ̀nyí tí ìlà Vaupel tàbí gbèdéke Olshansky lè sọ fún wa tẹ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ náà gan-an kò ní awo. Ọgbọ́n tó gbajúmọ̀ jù ni ti Ronald Lee àti Lawrence Carter láti 1992: a ó wo bí ikú ti ń dín kù ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn, a ó jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀, a ó sì sọ bó ṣe lè yà sókè tàbí sísàlẹ̀ tó. Ní 2017, àwọn olùwádìí Imperial College London àti àjọ WHO pa irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ 21 pọ̀ fún orílẹ̀-èdè 35 tí ilé iṣẹ́ ńláńlá wà. Èyí tí ayé gbé kiri ni ti Gúúsù Kòríà: wọ́n ní àǹfààní 57 nínú 100 wà pé ẹ̀mí obìnrin ibẹ̀ yóò kọjá 90 ní 2030. Ìròyìn sọ ọ́ di “wọn yóò kọjá 90”, wọ́n sì gbàgbé 43 tó kù. Ní 2023, 86.4 ni wọ́n wà. Mi ò bú àwọn tó ṣe é, torí wọ́n sọ iye tí kò dá wọn lójú ní gbangba, kò sì sí ẹni tó lè fi Kòrónà sínú ìṣirò 2017. Ẹni tó bá fún yín ní iye ọdún kan ṣoṣo láìsọ ibi tó lè yà sí ni kí ẹ ṣọ́ra fún.

Ẹ̀gbọ́n, ní tiyín gan-an, ó ní ìṣirò kan tí inú yín yóò dùn sí. ONS gbé e jáde ní 2021 pé láàárín 2011 sí 2014, nínú gbogbo ẹ̀yà ní England àti Wales, àwọn ọmọ Áfíríkà adúláwọ̀ wà lára àwọn tí ẹ̀mí wọn gùn jù: ọkùnrin 83.8, obìnrin 88.9, ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 79.7 àti 83.1. Ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lórí jù. Ẹni tí ara rẹ̀ le ló sábà máa ń rọ́nà kúrò nílé, ìlera yẹn sì ń bá a lọ. A kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mu sìgá tàbí ọtí bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣàìsàn tó padà sílé kú, ikú rẹ̀ lè máà wọ ìwé UK láéláé, yóò sì dà bíi pé ó ṣì wà láàyè nínú ìṣirò. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì pọ̀ láàárín wa ju láàárín wọn lọ. Mo gbà pé ó yẹ kí ẹ retí ohun tó tó ti obìnrin UK yòókù, bóyá kó lé díẹ̀.

Ó wá ku owó. Bí òfin ṣe wà báyìí, ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi dúró láìgba pẹ́ńṣàn ìjọba fi nǹkan bí 5.8 nínú 100 kún un. Ká ní ẹ dúró láti 67 dé 70: ẹ ti pàdánù owó ọdún mẹ́ta, ẹ ó sì máa gba 17.4 nínú 100 lé lórí láti 70 lọ. Bí ẹ bá fi 17.4 pín 300, ìyẹn owó ọdún mẹ́ta tí a fi 100 dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún 17 ó lé díẹ̀ ni. Ìyẹn ni pé ẹ ó ti pé 87 kí owó tí ẹ fi sílẹ̀ tó padà. Obìnrin UK tó pé 67 ṣì ní nǹkan bí ọdún 19 níwájú bí ikú kò bá yí padà, èyí tó gbé e dé 86. Nítorí náà, fún ẹni tó wà láàárín, kò fi bẹ́ẹ̀ sí èrè, kò sì sí àdánù. Ìjọba ti bá yín ṣe ìṣirò yìí ná. Ẹ tún fi í sọ́kàn pé bí ẹ bá kú níbi tí ẹ ti ń dúró, oṣù mẹ́ta péré nínú owó tí ẹ kò gbà ni àwọn ọmọ yín sábà máa ń lè bèèrè.

Kí ló wá mú kí n má sọ pé ẹ má dúró? Torí pé àpapọ̀ kì í ṣe èèyàn. Nínú àwọn obìnrin tó bá pé 65, ó ju ẹyọ kan nínú mẹ́rin lọ tó ń rí 90. Ẹni tó bá gba owó kékeré ní 67 tó sì kú ní 75 kò ní jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá pé 94 tí owó ilé rẹ̀ ti tán ni yóò jìyà. Ewu méjèèjì kò dọ́gba. Bí ara yín bá le, tí ẹ̀jẹ̀ yín wà níwọ̀n, tí ẹ sì ní owó míì tí ẹ ó fi jẹun láti 67 dé 70, irú bíi pẹ́ńṣàn NHS yín, mo rò pé dídúró dára, bí ẹni tó san owó adójútòfò sórí ogbó. Bí ẹ bá ní àìsàn kan tí ẹ kò sọ fún mi, tàbí tó bá jẹ́ pé gbèsè lẹ ó fi gbé ọdún mẹ́ta yẹn, ẹ gbà á ní 67 láìwẹ̀yìn.

Ohun kan ṣì wà tó lè wúwo ju gbogbo ìṣirò yìí lọ: ṣé ẹ ní in lọ́kàn láti padà sílé? Pẹ́ńṣàn ìjọba UK kì í pọ̀ sí i lọ́dọọdún fún ẹni tó bá ń gbé ní Nàìjíríà. Iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ kó lọ ni yóò dúró sí, yálà ẹ lo ọdún márùn-ún tàbí ọgbọ̀n, àyàfi tí ẹ bá padà wá gbé ní UK. Ẹni tó fẹ́ dàgbà ní Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ ṣírò ohun tí iye yẹn yóò rà nígbà tó bá pé 85, kó má wo ti 67 nìkan. Kí ẹ tó pinnu ohunkóhun, ẹ wo àkọsílẹ̀ National Insurance yín, ìyẹn owó tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ nítorí pẹ́ńṣàn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 35 ni wọ́n sábà máa ń bèèrè kí wọ́n tó san pẹ́ńṣàn náà pé, àwọn tó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó dé ìlú òyìnbó sì sábà máa ń rí i pé ó dín. Ẹ ṣì ní ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ lè fi dí àlàfo náà.